Apá Òsì Holmurod

Ìdí pàṣán ni ẹ̀gbọ́n mi fi gbá mi lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sínú àwo ìrẹsì tó wà níwájú wa, ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Oysara, ìyàwó rẹ̀, lọgun, ó sì fa àwo náà mọ́ra bí ẹni pé ìrẹsì ni wọ́n ṣe léṣe. Holmurod dúró lé mi lórí, ó ń mí bí ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé.

“Tún un sọ, Ismat,” ni ó wí. “Tún un sọ kí n yọ ìyókù.”

Ohun tí mo sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: jẹjẹrẹ ọmú ni, Ẹ̀gbọ́n.

Ní gbogbo àfonífojì Hisor, kò sí ẹni tí kò mọ Holmurod. Tí wọ́n bá bẹ́ òbúkọ lórí, tí wọ́n kó ìfun rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì jù ú sáàárín igba ẹlẹ́ṣin kí wọ́n máa já a gbà lọ́wọ́ ara wọn, òun ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wá. Èmi kò tíì lè so okùn bàtà ara mi nígbà tí bàbá wa kú. Ẹ̀bùn orí pápá ni Holmurod fi tọ́ mi: kápẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n, ràkúnmí kan ní ọdún kan. Ó ta gbogbo rẹ̀ kí n lè lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Dushanbe, olú ìlú wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni òun báyìí, èmi jẹ́ mẹ́tàlélógún, mi ò sì rí i rí kí ó sunkún.

Kókó kan ti wà láyà rẹ̀ fún bí oṣù méje kí n tó gbọ́. Nígbà ọdún Navruz tó kọjá, ọdún tuntun wa tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹta, Norqul, ẹlẹ́ṣin kan láti òdìkejì odò, fi ìdí pàṣán gún un láyà nínú eré. Nígbà tí ooru dé, kókó kan yọ lábẹ́ orí ọmú rẹ̀ lápá òsì, ó tó hóró ẹ̀wà. Kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, ó ti tó ẹyin ẹyẹlé, orí ọmú náà sì ti wọlé sínú bí ẹni pé nǹkan ń fà á láti inú. Wọ́n pa àgùntàn, wọ́n bó awọ rẹ̀, wọ́n fi awọ gbígbóná náà dì í láyà, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ẹlẹ́ṣin tó bá fara gbọgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é. Àgùntàn mẹ́ta kú, kókó kò kú.

Oysara ló pè mí lórí fóònù. “Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù tí mò ń fọ̀ fún un,” ni ó sọ. “Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ òbúkọ. Inú ẹ̀wù ló wà.”

Mo tan Holmurod wá sí Dushanbe ní oṣù kìn-ín-ní, mo ní kí a ya fọ́tò egungun ìhà rẹ̀. Dókítà Mavluda, olùkọ́ mi, fọwọ́ kan kókó náà, ó sì fọwọ́ kan abíyá rẹ̀. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ kókó náà, ó fa díẹ̀ jáde. Holmurod rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dókítà, tí wàrà bá jáde, kí ẹ fi se tíì fún mi.” Ó wọ mọ́tò lọ sílé kí èsì tó jáde.

Oṣù kejì ń parí lọ nígbà tí Dókítà Mavluda pè mí sínú yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

“Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó bá ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹyọ kan péré ló ń jẹ́ ọkùnrin,” ni ó wí. “Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi wá a lára wọn. Àwọn fúnra wọn kì í wá a. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé abíyá. Fọ́tò tí a yà kò tíì fi hàn pé ó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Tí mo bá gé e nísinsìnyí, mo ní ohun tí mo lè bá a jà. Tó bá di ìgbà ooru, má mú un wá bá mi mọ́, mú un lọ bá ìyàwó rẹ̀ kí ó dágbére.”

Mo lọ sí yàrá mi, mo fa igi ìdílé wa sórí ìwé. Ìyá ìyá wa kú pẹ̀lú egbò ọmú tí wọ́n fi aṣọ dì. Àbúrò ìyá wa obìnrin kú bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa ìyá wa kí ohunkóhun mìíràn tó lè rí i. Ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa látọjọ́ yìí, a sì ń wá a lẹ́nu pàṣán Norqul.

Èmi ni mo máa ń gé ojú ìwé àdììtú onínọ́ńbà kúrò nínú ìwé ìròyìn kí ẹlòmíràn tó kà á. Bí nǹkan kan kò bá bára mu, n kò lè sùn. Mo wá fídíò eré Navruz ọdún náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni ó gba Norqul láti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè, ó sọ̀kalẹ̀. Apá ọ̀tún ni ìdí pàṣán ti bá Holmurod. Apá òsì ni kókó wà.

Ohun tí mo gbé wá sílé nìyẹn, ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Navruz. Mo fi fídíò náà hàn án lórí oúnjẹ alẹ́.

“Wọ́n yí àwòrán náà padà,” ni ó wí. “Bíi ti dígí.”

“Ẹ wo lẹ́tà tó wà lára ọkọ̀ tí Bàbá Raim dúró lé, tó ti ń kéde eré. Ó ṣeé kà. Tí wọ́n bá yí i padà, kò ní ṣeé kà. Ẹ wo ẹṣin yín. Ẹsẹ̀ funfun rẹ̀ kan ṣoṣo, apá ọ̀tún níwájú. Apá ọ̀tún náà ló wà níbí. Norqul kọ́, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ rún un.

“Ohun tí pàṣán bá ṣe lórí pápá, orí pápá la ti ń san án,” ni ó wí. “Ní Navruz, màá fọ́ ìhà Norqul. Tí mo bá fọ́ ọ, kókó yìí á lọ. Ọ̀rọ̀ ti parí.”

Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà, eyín mi sì bọ́ sínú ìrẹsì.

“Ṣé obìnrin ni mí?” Ó ń pariwo báyìí. “Ṣé mo fún ọmọ lọ́mú rí? Ìwé tí mo rà fún ọ ló kọ́ ọ pé kí o wá máa pe ọmú mi níwájú ìyàwó mi?”

Mo tu ẹ̀jẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí ó ti ń bú mi, mò ń wò ó. Ọ̀tún ló fi bu búrẹ́dì. Ọ̀tún ló fi gbá mi. Òrùka fàdákà rẹ̀ ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún, nítorí pé ìka òsì ti wú. Nǹkan kan sì tò pọ̀ nínú orí mi, bí nọ́ńbà ìkẹyìn nínú àdììtú.

“Ó dáa,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí àwa méjèèjì fi pàṣán lélẹ̀.”

Ní abúlé wa, ẹlẹ́ṣin méjì lè kó pàṣán wọn fún Bàbá Raim, ẹni tó ń kéde eré, kí wọ́n sọ ohun tí ẹni tó bá pàdánù máa ṣe. A kì í yẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ nígbà ayé bàbá wa. Títí dòní, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀ lójú èrò.

“Ìwọ?” Holmurod bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó já bọ́ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́?”

“Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà.”

“Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà kò tó ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì gbọ́n jù ọ́ lọ.”

“Tí mo bá já òbúkọ gbà lọ́wọ́ yín, ẹ ó tẹ̀ lé mi lọ bá Dókítà Mavluda lọ́jọ́ kejì. Tí n kò bá lè já a gbà, ẹnu mi kò ní dárúkọ àìsàn yìí mọ́ láéláé.”

Ó wo Oysara. Oysara ń fi ìka wá eyín mi nínú ìrẹsì, kò gbójú sókè. “Ẹ gbà fún un, bàbá Sitora,” ni ó wí, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é. “Àbí ẹ̀rù ń bà yín?”

“Ẹ̀rù èwo!”

Bí ó ṣe gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Navruz, òjò dídì àti ẹrẹ̀ dàpọ̀ lórí pápá. Èrò bo ara òkè, èéfín ìkòkò ọdún ń rú lẹ́yìn wọn. Mo gun Kabud, ẹṣin eérú tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń gùn kí tirẹ̀ lè sinmi. Mo dé akoto àwọn awakọ̀ ogun ayé àwọn ará Rọ́ṣíà, bíi ti gbogbo wa. Ó tóbi fún mi débi pé mo ń gbọ́ èémí ara mi nínú rẹ̀. Pàṣán àwa méjèèjì wà nínú bẹ́líìtì Bàbá Raim. A yá pàṣán mìíràn.

“Ẹ wo dókítà wa!” Bàbá Raim fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kígbe. “Ó wá wo ìdí ẹṣin sàn!”

Òkè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ju òbúkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀, igba ẹṣin sì rọ́ lù ú.

Ẹni tí kò bá tíì wà nínú rẹ̀ rí kò mọ bí ariwo rẹ̀ ti rí. Egungun ń lu egungun. Ẹṣin kan ge itan mi jẹ. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ nà mí ní pàṣán lójú, kì í ṣe pé ó bínú sí mi, ojú mi kàn wà lọ́nà ni. Àtàǹpàkò mi yẹ̀ lórí ìjánu kí n tó rí òbúkọ náà rárá. Ọkùnrin arúgbó kan ṣubú, ẹṣin mẹ́ta gorí rẹ̀ kọjá, ó dìde, ó ń bú ìyá àwọn ẹṣin náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Holmurod kò wo òbúkọ. Norqul ló ń wá. Ó rí i létí pápá, ó la àárín èrò kọjá tọ̀ ọ́ lọ, ó yí pàṣán padà, ó sì fi ìdí rẹ̀ lù ú lójú. Imú Norqul fọ́. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Ó tún lù ú níhà lẹ́ẹ̀mejì.

“Holmurod! Ṣé o ti ya wèrè ni?” Norqul ń sọ̀rọ̀ gba inú ẹ̀jẹ̀. “Òbúkọ kò sí lọ́wọ́ mi!”

“Èyí tí o fún mi ni mò ń dá padà!”

Àwọn àbúrò Norqul méjèèjì rí i. Láti ìgbà náà, eré kúrò ní eré. Nígbà tí òbúkọ kẹta bọ́ sílẹ̀, Holmurod tẹ̀ wálẹ̀ láti orí gàárì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e bí ẹni gbé ìrọ̀rí, àwọn méjèèjì sì yà bò ó lápá ọ̀tún, wọ́n ń nà án, wọn kò tilẹ̀ wo òbúkọ. Mo mọ ohun tí yóò ṣe. Gbogbo àfonífojì ló mọ̀ ọ́n, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sanwó wá wò ó: tí wọ́n bá dì mọ́ ọn lọ́tùn-ún, á yí ẹran sí òsì lójijì, á sì sá lọ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ó yí i sí òsì. Mo ti wà níbẹ̀.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ òbúkọ náà mú, mo gbá Kabud níkùn. Mo ti ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin: ọwọ́ òsì wú, abíyá kún fún kókó, kò ní lè dì í mú ju kí a ka mẹ́ta lọ. Mo ka mẹ́ta. Mo ka mẹ́wàá. Ó dì í mú. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, pàṣán wà láàárín eyín rẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo ti ṣírò ohun gbogbo, n kò ṣírò agídí. Awọ òbúkọ ń ya. Ẹṣin wa ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ sí ibi tí èrò wà, níbi tí a ti ń ju òbúkọ sílẹ̀ láti borí, èmi sì mọ̀ pé tí ó bá gbé e dé ibẹ̀, màá pa ẹnu mi mọ́, màá sì sin ín kí ìkórè tó dé.

Nítorí náà mo fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀, mo ká apá mi, mo sì fi ìgúnpá gbá a lórí kókó náà pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Pàṣán bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Igbe tó ké kì í ṣe igbe tí mo mọ̀. Ẹṣin tí wọ́n ń pa máa ń ké bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣí, òbúkọ wá sọ́dọ̀ mi, èmi àti òbúkọ jọ já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Òun náà ṣubú, ní bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀jẹ̀ ti là á jáde lára ẹ̀wù òwú rẹ̀ lápá òsì.

“Norqul ti pa á!” ẹnì kan kígbe láti abúlé wa. “Ọgbẹ́ ọjọ́sí ló tún ṣí!”

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin. Àwọn ará òdìkejì odò náà sọ̀kalẹ̀. Pàṣán pàdé pàṣán, lẹ́yìn náà òkúta. Mo rí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó fa ọ̀bẹ yọ nínú bàtà, ó dojú kọ Norqul tó jókòó sílẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì di imú rẹ̀ mú. Bàbá Raim ń kígbe lórí gbohùngbohùn, kò sí ẹni tó gbọ́. Èmi náà kígbe pé, “Kì í ṣe òun! Kì í ṣe òun!” Ta ni yóò gbọ́ tèmi, ẹnu aláìléyín?

Holmurod dìde. Ó rìn bí ọ̀mùtí kọjá láàárín wọn, ó sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lò ó. Ó wo Norqul fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀bẹ gé bọ́tìnì ẹ̀wù òwú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ya ṣẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀, ó sì dúró ní ìhòhò àyà nínú òtútù.

Gbogbo wọn rí i: orí ọmú tó ti wọlé, awọ tó ti pọ́n tó sì ti le, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn.

“Ẹ wò ó dáadáa,” ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n òkúta ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Apá ọ̀tún ni Norqul ti lù mí. Àbúrò mi fi fídíò rẹ̀ hàn mí, mo fọ́ fóònù rẹ̀, mo fọ́ ẹnu rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Jẹjẹrẹ ọmú. Irú èyí tó pa ìyá ìyá mi. Ẹni tó bá fẹ́ jà nítorí rẹ̀, kí ó bá ìyá ìyá mi jà ní itẹ́ òkú.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. “Ọmú kẹ̀! Ṣé ó fún ọmọ lọ́mú rí ni?”

Norqul dìde nílẹ̀, imú rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rìn lọ bá ẹni náà, ará abúlé tirẹ̀ ni, ó sì nà án ní pàṣán kan ṣoṣo lọ́rùn. Ọkùnrin náà wólẹ̀.

“Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi èjìká lu ọmú yẹn,” ni Norqul wí. “N kò bá ibi rírọ̀ kankan pàdé níbẹ̀.” Ó yíjú sí Holmurod. “Imú mi ńkọ́?”

“Tí mo bá padà dé,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “kí o wá fọ́ tèmi.”

“Kí o padà dé o.”

Bàbá Raim sọ̀kalẹ̀ lórí ọkọ̀, ó fa pàṣán méjèèjì yọ nínú bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì kó wọn lé mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Holmurod tẹ̀ lé mi. A wọ mọ́tò lọ sí Dushanbe. Dókítà Mavluda kọ́kọ́ wẹ ohun tí ìgúnpá mi ṣe, ó sì bú mi títí etí mi fi gbóná. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ó gé gbogbo ọmú òsì náà kúrò, ó kó hóró ẹran mẹ́rìnlá tí omi ara ń gbà kọjá lábẹ́ abíyá. Àìsàn wà nínú mẹ́ta.

Kò sí wọ́ọ̀dù ọkùnrin fún irú àìsàn yìí. Wọ́n tẹ́ ẹ sí igun wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, aṣọ olódòdó ló wọ̀, nítorí kò sí òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbàlagbà kan láti ibùsùn kejì nahùn gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé pé, “Ọkùnrin wa, tí àwọn ọmọ ọwọ́ bá ń sunkún ebi, ṣé ẹ ó bá wa fún wọn lọ́mú?”

“Ẹ pẹ́ jù, Ìyá,” ni Holmurod dáhùn. “Wọ́n ti ti ilé ìtajà.”

Dókítà Mavluda jókòó létí ibùsùn rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Omi oògùn yóò gba ojú iṣan rẹ̀ wọlé fún oṣù mélòó kan, irun rẹ̀ yóò sì re. Lẹ́yìn náà, ìtànṣán lórí àyà. Lẹ́yìn náà, oògùn oníhóró kan lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin, nítorí pé ohun tó ń bọ́ jẹjẹrẹ tiwọn ló ń bọ́ tirẹ̀. Yóò máa mú kí ooru là á lójijì.

“Ṣé màá yè?”

“Nínú ọkùnrin mẹ́wàá tó bá dé bí ẹ ti dé yìí, bíi mẹ́fà, bóyá méje, ló ń rí ọdún karùn-ún.”

“Ká ní mo wá nígbà tó wà bíi hóró ẹ̀wà ńkọ́?”

Dókítà náà ká ìwé rẹ̀. “Mẹ́sàn-án,” ni ó wí.

Holmurod yíjú sí ògiri. Nígbà tí dókítà jáde, mo rò pé ó ti sùn. Mo ń ka pàṣán méjèèjì lórí itan mi, láìnídìí, ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì.

“Ismat. Ya ẹnu.”

Mo ya ẹnu. Ó wo àlàfo náà pẹ́.

“Ta ló gbá ọ báyẹn?”

“Ọ̀gbẹ́ni kan ní Hisor,” ni mo wí. “Ẹ ò lè ṣì í mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ọmú kan ṣoṣo ló ní.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ojú abẹ mú, ó ń bẹ̀ mí kí n dákẹ́, àwọn obìnrin ẹ̀yìn aṣọ ìkélé náà sì ń bèèrè pé kí ló dé, kí ló dé. Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán ni mo rí i pé ojú rẹ̀ ti tutù, omi rẹ̀ sì ń ṣàn bọ́ sí ara òdòdó aṣọ náà. Mo yí ojú mi sí fèrèsé títí ó fi parí.